Fódà Ìyá Ìbejì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Waheedat Ládòkun jẹ́, ẹ wò ó nígbà tó bá fẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Yóò kọ́kọ́ dúró, yóò wo kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó rí irun nínú oúnjẹ. Yóò fa aṣọ pélébé kan yọ nínú báàgì, yóò nu gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò gbọn aṣọ náà síta ojú fèrèsé, yóò wá pòṣé. Lẹ́yìn náà ni yóò tó jókòó. Ọdún mẹ́fà tí a ti jọ wà ní ilé àyẹ̀wò kan náà ní Ṣakí, n kò rí ọjọ́ tó fi í sílẹ̀, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ yìí.

Èmi ni Olúfẹ́mi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú aláìsàn dúró, kó gbé àyà lé ẹ̀rọ, kí n ya àwòrán egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Iṣẹ́ Waheedat ni kó tọ́jú àwọn àwòrán náà, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Dókítà Oyèlékè tó ń kà wọ́n ní Ìbàdàn, kí èsì sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọmọ Tẹ̀dé ni, Pólì Ṣakí níbí ló ti kàwé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì fẹ́ Samsudeen tó ń ta táyà lójú ọ̀nà ibodè. Ohun gbogbo ló máa ń rí i lára. Ọwọ́ tí kò mọ́, ife tí ètè ẹlòmíì ti kàn, eruku ọyẹ́ lórí tábìlì. Ilẹ̀ yàrá wa ló tiẹ̀ wá kórira jù, torí àwọn aláìsàn a máa tutọ́ síbẹ̀ bí a kò bá ṣọ́ wọn. Bí bírò rẹ̀ bá já bọ́ síbẹ̀, ó ti fi ta ilẹ̀ lọ́rẹ nìyẹn. Àwa tó kù a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ fódà, n ó sọ òótọ́: ohun tó rí i lára yẹn ń rí èmi náà lára.

Fódà ni àpò tí à ń kó àwòrán aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí nínú kọ̀ǹpútà, dandan sì ni kó ní orúkọ. Kí Waheedat tó dé, kálukú ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ẹ gbọ́ àwọn orúkọ tó bá níbẹ̀. "Tuntun." "Tuntun 2." "Tuntun gan-an." "Alhaji oníkọ́." "Ìyàwó Tísà." "Ẹsẹ̀ dídá." "Má fọwọ́ kàn án." "Ọ̀gá ní kí n fi síbí." Ṣíọ̀! Èèyàn jí ní Komu, ó fi ọwọ́ di ìhà mú lórí ọ̀kadà títí dé Ṣakí, egungun ìhà rẹ̀ wá wà nínú àpò tí wọ́n kọ "Tuntun gan-an" sí lára. Ọ̀bùn ni wá nígbà yẹn. Ìdọ̀tí tí a fi pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ìdọ̀tí náà ni.

Èyí tó burú jù ni pé orúkọ yẹn nìkan ni ètò tó ń gbé wọn kiri mọ̀. Síǹkì là ń pe ètò náà. Kọ̀ǹpútà kan wà ní Ṣakí, ọ̀kan wà ní ẹ̀ka wa ní Tẹ̀dé, ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ Dókítà. Ti Ṣakí àti ti Tẹ̀dé kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ti Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ń bá sọ̀rọ̀. Fódà tí a bá ṣí ní Ṣakí lónìí, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti yọjú, síǹkì á gbé irú rẹ̀ dé Ìbàdàn. Ohunkóhun tó bá sì wọ inú fódà náà ní Ìbàdàn, á gbé e padà wá fún wa. Ó dára, àbí? Ó dára títí fódà méjì yóò fi jẹ́ orúkọ kan náà. Síǹkì kì í béèrè pé ta ni yìí, ọmọ ta ni tọ̀hún. Á da méjèèjì pọ̀ sójú kan, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Waheedat fi jókòó ti ìwé kan, tó ń wá bí fódà yóò ṣe máa jẹ́ orúkọ. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Ó ní ìlú ni yóò ṣáájú, SK fún Ṣakí, TD fún Tẹ̀dé, kí ti ibí má bàa pàdé ti ibẹ̀ láéláé. Kí ọdún tẹ̀ lé e, kí oṣù tẹ̀ lé ọdún, kí ọjọ́ wá gbẹ̀yìn, torí pé bí ọjọ́ bá ṣáájú, kọ̀ǹpútà á kó ọjọ́ kìíní gbogbo oṣù jọ sójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà tí aláìsàn gbà lẹ́nu ọ̀nà. Níkẹyìn, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé rẹ̀. Ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ èyí: kò sí Alhaji, kò sí Alhaja, kò sí Ìyá, kò sí Bàbá, kò sí Pásítọ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ ni kí ẹ kọ.

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, Bọ̀dá Fẹ́mi," ó wí fún mi. "Ilé kọ̀ǹpútà lèmi wò. Ṣé ẹ mọ iye Ìyá Ìbejì tó wà ní Òkè-Ògùn yìí?"

N kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ẹ bá pe Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ọjà, obìnrin mẹ́wàá ni yóò dáhùn. Dókítà fọwọ́ sí ìlànà náà lọ́jọ́ kan náà. Òun kì í kọ orúkọ tàbí ọjọ́ sínú èsì láti ilẹ̀ wá, ó ní èyí tó wà lára fódà tó. Fódà tí kò bá tíì ní èsì nínú nìkan ló máa ń ṣí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ẹni tí kò gbà ni Ràsáàkì, tó ń mójú tó ẹ̀ka Tẹ̀dé. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀pà sì ni oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Oṣù kan lẹ́yìn tí ìlànà bẹ̀rẹ̀, a ṣì ń rí "Bàbá Onísu" láti Tẹ̀dé. Waheedat ní kí n sin òun lọ. Nígbà tó gbé kíbọ́ọ̀dù Ràsáàkì dorí kodò, eèpo ẹ̀pà tó dà sílẹ̀ ibẹ̀ tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo rí i tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rìn jáde, ó tutọ́, ó tún padà wọlé.

"Bọ̀dá Ràsáàkì, kí lẹ kọ síbí?"

"Ìyá Ìbejì."

"Ìyá Ìbejì wo?"

"Ìyá Ìbejì tó ń ta òrí lẹ́bàá mọ́sálásí. Wọ́n wá lọ́dún tó kọjá, àyà wọn mọ́, wọ́n ti lọ. Ta ni kò mọ̀ wọ́n?"

"Dókítà ò mọ̀ wọ́n. Síǹkì ò mọ̀ wọ́n. Kí lorúkọ wọn?"

Ràsáàkì wo ìta. "Waheedat, ọmọ Tẹ̀dé nìwọ náà. Obìnrin yẹn wà lára àwọn tó gbé mi pọ̀n. Ṣé èmi ni kí n wá kọ orúkọ wọn ní gbalasa bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń da ẹran? Ọwọ́ mi ò ní í gbà á."

"Ẹ̀kọ́ ilé lẹ wá ń fi han kọ̀ǹpútà?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Irú ìwà yìí ń rí mi lára! Ẹ̀ ń tijú orúkọ, ẹ ò tijú ẹ̀pà. Ìtìjú yín yìí á pààyàn lọ́jọ́ kan."

Ó ń bú u, ó sì ń pè é ní ẹ. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ti Waheedat ni mò ń ṣe. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀wọ̀ ṣe àwáwí ọ̀lẹ, kí ló tún burú tó o?

"Ọjọ́ tó bá kàn ọ́," Ràsáàkì dá a lóhùn jẹ́jẹ́, "ìwọ náà á mọ̀."

Ó yí padà ṣá. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo fódà tuntun tó ń ti Tẹ̀dé wá ló ń tẹ̀ lé ìlànà. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni ó ń tún sọ lórúkọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Waheedat ń pòṣé lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ mú gidi, ìyá ọkọ Waheedat bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ìbejì ni Samsudeen, Kẹ́hìndé rẹ̀ wà ní Ìṣẹ́yìn, nítorí náà Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Ikọ́ náà kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Waheedat mú wọn wá sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́rú kan, mo ya àwòrán àyà wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ní àpárá. Ó ní kí n má wo inú òun jù, kí n má bàa rí iye ẹran Iléyá tó wà níbẹ̀.

Mo ya àwòrán náà tán, mo jókòó ti Waheedat kó ṣí fódà. Ó nu kíbọ́ọ̀dù. Ó gbé ìka sókè. Ìka náà dúró.

Sàrátù ni orúkọ ìyá náà. Ó mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, ó wà lára káàdì tí wọ́n mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ló ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà nílé wọn, kò pe orúkọ yẹn rí, kódà nígbà tí wọ́n ní kí ó wá fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún àpò ìrẹsì ìjọba, ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kéré sí i pàápàá, orúkọ àpèlé ló fún un. Ìyá náà sì jókòó sẹ́yìn wa níbẹ̀, wọ́n ń wò wá.

"Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ óò bá mi kọ ọ́ tó bá yá," ó wí lábẹ́ ohùn. Ó kọ "Ìyá Ìbejì", ó kó àwòrán sínú rẹ̀. Mo ní kó kúkú fi SK àti ọjọ́ ṣáájú rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ohun tí a bá ṣe láàbọ̀ ló máa ń dà bíi pé ó pé, kí òun fi í sílẹ̀ ní gbalasa bẹ́ẹ̀, kó máa dun òun lójú títí a ó fi tún un ṣe. Aláìsàn márùn-ún ló tò sẹ́nu ọ̀nà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú kí n tó padà sídìí kọ̀ǹpútà, síǹkì sì gbé Ìyá Ìbejì lọ sí Ìbàdàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èsì ti wà nínú fódà. "Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì mọ́. Kò sí ohun tó ń ba ni lẹ́rù." Waheedat pariwo ayọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó gbé e lọ sílé, ọ̀rọ̀ àtúnṣe orúkọ sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ àti lọ́kàn mi.

Mo ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níbí, ó sì ń kó mi nírìíra bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí mo ya àwòrán náà, mo rí funfun kan lókè àyà ọ̀tún, bí òwú tí wọ́n já lé ibẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo ti ya àyà tó pọ̀. Nígbà tí èsì ní ó mọ́, ó yà mí lẹ́nu. Mo ní ta ni mí láti bá Dókítà jiyàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi wà lọ́jà gbangba, mo ń wo orí tó wọ́, mo dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Ikọ́ kò lọ. Wọ́n ní eruku ni, wọ́n fún ìyá ní oyin àti ewé efinrin. Ìyá ń gbẹ. Sodiqat, ọmọ Waheedat tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, orí ẹní ìyá àgbà rẹ̀ ló ń sùn sí ní gbogbo àsìkò yẹn, èsì ṣáà ti ní kò sí ewu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ajé kan, Ràsáàkì pe fóònù. Waheedat gbé ohùn fóònù náà síta, torí ó ń nu ọwọ́.

"Waheedat, mo ti fẹ́ parí àwọn fódà àtijọ́ tó o ní kí n tún sọ. Mo wá ṣí ti Ìyá Ìbejì tó ń ta òrí yìí. Àwòrán méjì ló wà níbẹ̀. Èmi ò ya èkejì o. Àyà ẹni yìí kò dáa rárá. Ta ló fi ẹlòmíì sínú fódà mi?"

Waheedat yí sí kọ̀ǹpútà, ó ṣí fódà náà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín àwòrán méjèèjì.

"O ń gbọ́ mi?" Ràsáàkì tún bi í. "Èsì tó wà níbẹ̀, ti Ìyá tó ń ta òrí ni, ti ọdún tó kọjá. Dókítà ò tíì ka ti ẹni yìí. Á ti rí èsì níbẹ̀, á ti rò pé òun ti kà á. Ta ni wọ́n?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

N kò gbọ́ ẹ̀pà lẹ́nu Ràsáàkì lọ́jọ́ náà. Ó lè ti sọ pé ṣé mo wí fún ọ, ó lè ti rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Pe Dókítà báyìí. Má sunkún kó o tó pè wọ́n."

Ó pe Dókítà. Ó sọ ohun tó ṣe láìfi ọ̀kan pa mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Dókítà ti ní ó jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí wọ́n lọ yẹ itọ́ wò lọ́gán. Waheedat dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ, ó tún fọ̀ ọ́, títí mo fi lọ ti omi pa.

"Mo kórira ara mi," ó wí fún mi. "Mo pe ọmọlúàbí lọ́bùn. Mo ní ìtìjú rẹ̀ á pààyàn. Èmi ni mo lọ fi tèmi pa ìyá ọlọ́mọ."

"Wọn ò tíì kú," mo dá a lóhùn. Mo sọ ohun tí mo rí fún un àti bí mo ṣe dákẹ́. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ilẹ̀ yàrá wa. Ó tọ́ sí mi.

Àyẹ̀wò itọ́ fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni lóòótọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ oògùn olóṣù mẹ́fà. Wọ́n yẹ Sodiqat náà wò, kò tíì mú un, wọ́n ní kó máa lo oògùn ìdènà. Ní alẹ́ ọjọ́ tó mọ̀ yẹn, Waheedat kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀, ó rò fún wọn pé kì í ṣe Dókítà, kì í ṣe ẹ̀rọ, pé òun ni. Samsudeen bínú, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ní kí ó dìde.

Láti ìgbà náà, Waheedat ń bá Ràsáàkì sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Fódà kankan kò sì tún wà láìní orúkọ gidi, ní Tẹ̀dé tàbí ní Ṣakí. Ìlànà náà dúró bó ṣe kọ ọ́.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí oògùn parí, tí ìyá padà wá fún àwòrán ìkẹyìn. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wọlé, ẹran ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n tún ní kí n má wo inú àwọn jù. Mo ya àwòrán tán. Ẹrẹ̀ bàtà àwọn aláìsàn ti sọ ilẹ̀ yàrá di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Waheedat jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yunifọ́ọ̀mù funfun rẹ̀, ó kọ SK, ó kọ ọdún, oṣù, ọjọ́, ó kọ nọ́ńbà tí ìyá gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ìka rẹ̀ tún dúró.

Mo ní kó sún, kí n bá a kọ ọ́. Ó mi orí. Òógùn ń yọ lórí imú rẹ̀.

"Waheedat," ìyá pè é láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀ẹ́n, Ìyá."

"Ṣé ẹ̀gbin ni orúkọ mi ni, tó o kò fi fẹ́ fọwọ́ kàn án?"

"Rárá o, Ìyá."

"Sàrátù ni bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ tí wọ́n pa àgbò. Nígbà tó o fi Ìyá Ìbejì pè mí, àlàáfíà ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún mi. Tèmi ni mo fẹ́ gbà lónìí. Kọ ọ́."

Waheedat dìde lórí àga. Mo rò pé ó fẹ́ sá jáde ni. Ó ti àga sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, sínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ yàrá wa yẹn tí bírò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn. Ó na ọwọ́ sókè sórí kíbọ́ọ̀dù tí kò nù, ó sì fi ìka kan kọ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà péré ni, ó pẹ́ lórí wọn.